DPO tuntun fẹ́ bá CDA wa ṣèpàdé ní Sátidé, kí lẹ rò pé ká bi í? (Ìkòròdú)

Ọmọ_Ìgbógbò | Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé CDA wa (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) lọ́nà Ìgbógbò níbí, mi ò ní dárúkọ àdúgbò gan-an torí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn náà ní fóònù lọ́wọ́ (fóònù wa ni pàápàá). Wọ́n ti gbé DPO tuntun (ọ̀gá ọlọ́pàá) wá sí téṣàn wa, ó sì ti ránṣẹ́ sí àwọn alága CDA pé òun fẹ́ bá wa jókòó ní Sátidé, òun, ọ̀gá àwọn Neighbourhood Safety Corps (ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti ìjọba Èkó) àtàwọn ọlọ́dẹ wa. Alága ní kí n kọ ohun tá a fẹ́ bi í sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣe wá rèé. Ó ti tó oṣù méjì báyìí, láàárín aago mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, wọ́n ń gba fóònù àti báàgì lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń lọ ọjà, níbi kọ̀nà kan tí kò síná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan tí wọn ò kọ́ parí. A ti pariwo títí. Àwọn ọlọ́pàá wá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọkọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n wá o, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́sàn-án níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn òbí sáré lọ gba ọmọ wọn, ẹ ò sì ní béèrè pé èló ni wọ́n fi gbà wọ́n. Ìdájí ọjọ́ kejì wọ́n tún gba fóònù méjì. Àwọn tí àdúgbò yín ti rí nǹkan ṣe sí irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Landlọ́ọ̀dù_Àgbà | 9:31 alẹ́

Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Géètì! Ẹ ti gbogbo géètì pa ní aago mẹ́wàá, ẹ má ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere, kí gbogbo ilé san owó ọdẹ, ẹni tí ò bá san kẹ́ ẹ lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ara ògiri. Àbí ẹ ti gbàgbé 2017? Ìgbà tí Badoo ń wọlé bá èèyàn lórí oorun tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ wọn lórí, ta ló ṣọ́ wa? Àwa fúnra wa àtàwọn OPC ni. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà yẹn, mo fi àdá sábíyá, mo ń yípo àdúgbò láti aago méjìlá títí di ìdájí. Ọlọ́pàá tí ẹ fẹ́ máa bi ní ìbéèrè yìí, ẹ bi í nígbà tẹ́ ẹ bá rí i.

Síkìrù_Ìsáwo | 9:48 alẹ́

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìgbà yẹn, gbogbo wa la jọ ṣọ́ òru yẹn, Ìsáwo lèmi wà. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ tán. 2017 yẹn náà ni wọ́n mú apanilẹ́rìn-ín kan àtàwọn tí wọ́n jọ wà pọ̀ níbí ní Ìkòròdú, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ wọn wọ́n ti pa wọ́n. Èèyàn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àdúgbò wa náà fẹ́ẹ̀ ṣe irú ẹ̀, ọmọ kan ń ti ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ bọ̀ lálẹ́, aṣọ ara ẹ̀ dọ̀tí, ó ń kólòlò (akólòlò ni ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀!), wọ́n ti gbé taya wá. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ló sáré jáde pé ọmọ oníbàárà òun ni. Ẹ̀wà ló gba ọmọ yẹn là o. Mo ṣì máa ń rí i, ó ti ń fẹ́ ìyàwó báyìí.

Ìyá_Aláta | 10:05 alẹ́

Bàbá Landlọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Géètì yín yẹn gan-an ló ń pa wá. Mile 12 ni mo ti ń ra ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ rí tòmátì tó dáa rà lára èyí tí wọ́n já sílẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ará Òkè Ọya, ó gbọ́dọ̀ ti wà ní gáréèjì kí aago márùn-ún tó lù, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ gosílóò Májídun á gbé e mì, tó bá fi máa débẹ̀ àṣẹ́kù ló máa bá. Àdúgbò tèmi náà lọ́nà Ìgbógbò ni, mo fura pé ọ̀kan náà ni tèmi àti ti akọ̀wé. Géètì mẹ́ta la ní, aago márùn-ún ààbọ̀ ni ọlọ́dẹ ń ṣí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí ṣáájú ìgbà yẹn ni àyè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àkọ́ìparí yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo àwa aláàárọ̀ ń gbà. Àwọn ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wá wa kiri, ẹ ti ti gbogbo ìlẹ̀kùn tó kù fún wọn.

Wọ́n gba báàgì mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Owó ọjà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógójì, fóònù kékeré, pẹ̀lú káàdì àjọ mi. Káàdì yẹn ló dùn mí jù, mo ti dá a dé oṣù kẹjọ.

Ọmọ_Ìgbógbò | 10:11 alẹ́

Hẹn-ẹ́n! Màmá, ẹ dákẹ́ ná, aago márùn-ún ààbọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwa la dìbò fún un ní ìpàdé. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Kò sí obìnrin ọlọ́jà kankan nínú ìpàdé ọjọ́ yẹn torí ọ̀sán Sátidé la ṣe é, ọjà ni gbogbo yín wà. Ọlọ́run ò, mi ò ronú kàn án.

Ọlọ́kadà_Agric | 10:20 alẹ́

Kọ̀nà yẹn mo mọ̀ ọ́n, aago márùn-ún ìdájí kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ dúró níbẹ̀, wọ́n ti gba máṣíìnì lọ́wọ́ ẹnìkan rí. Tó bá jẹ́ èmi, ẹ lọ bá àwọn bàbá, kí wọ́n gbé Orò jáde fún ọjọ́ méje, ká wá wo olè tó máa jáde 😂

Ìyá_Aláta | 10:24 alẹ́

Orò tí wọ́n bá gbé jáde, ṣé olè ló máa dè mọ́lé ni àbí èmi? Tòmátì mi á wá máa rà nínú agbọ̀n. Gbé jẹ́ẹ́ ọmọ yìí.

Adé_Peckham | 11:02 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà ni mí, London ni mo wà láti 2003, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, ẹ̀yin lẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú níbẹ̀. Ní 2004 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Safer Neighbourhoods níbí. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún un ní sájẹ́ńtì 1, kọ́sítébù 2, pẹ̀lú PCSO 3. Àwọn PCSO yẹn, òfin 2002 ló dá wọn sílẹ̀, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá gan-an, wọn ò ní gbogbo agbára tí ọlọ́pàá ní láti mú èèyàn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò kí ojú wọn mọ́ yín lára. Wọ́n wá ní kí àwa ará àdúgbò jókòó ká mú ohun mẹ́ta tó ń dà wá láàmú jù.

Mo rò pé ọ̀bẹ ni wọ́n máa mú torí àwọn ọmọ ń gún ara wọn nígbà yẹn. Ìyá òyìnbó kan dìde, ó ní ọ̀nà àbùjá kan wà lẹ́yìn fúláàtì àwọn, iná ibẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́fà, òun kì í lè jáde lọ ra búrẹ́dì lálẹ́. Gbogbo yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Àṣé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta igbó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já báàgì. Iná yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ọlọ́pàá ò tún iná ṣe o, káńsù ló tún un ṣe, àmọ́ sájẹ́ńtì yẹn ló ń pè wọ́n lójoojúmọ́ títí ó fi sú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, akọ̀wé: tẹ́ ẹ bá bi DPO pé “kí lẹ ń ṣe sí ọ̀rọ̀ olè,” á fún yín ní ìwàásù. Ẹ sọ ibi tó ń ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ sọ aago, ẹ sọ irú ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí. Kẹ́ ẹ wá mú un débẹ̀ kó fojú ara ẹ̀ rí i.

Síkìrù_Ìsáwo | 11:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ ń gbádùn o. Sájẹ́ńtì tó ń pe káńsù lójoojúmọ́, tiwa níbí á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ ra kírẹ́díìtì fún òun.

Adé_Peckham | 11:19 alẹ́

Hahaha. Má wulẹ̀ jowú wa jù o, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó lẹ́yìn 2010 wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Sájẹ́ńtì tí mo ń sọ yẹn wọ́n gbé e lọ síbòmíì, ẹni tó wá lẹ́yìn ẹ̀ mi ò mọ ojú ẹ̀ dòní.

Kọ́ọ̀pù_Tẹ́lẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, 6:40 àárọ̀

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti alẹ́ àná. Mo ti wọ aṣọ Safety Corps rí, kí n tó lọ máa ṣòwò, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́. 2016 ni ìjọba Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin ẹ̀, 2017 ni wọ́n kó wa jáde. A kì í gbé ìbọn. Tó o bá mú ẹnìkan o gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, o ò lè tì í mọ́lé. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá tó kù ń kó Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní 2020, Safety Corps yìí náà ni Èkó ń lò.

Ohun ìjà wa ni ìwé kékeré àti ẹsẹ̀. Mo mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, mo mọ ilé tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú láìsí ayẹyẹ, mo mọ ọmọ tí kò níṣẹ́ tó ṣàdédé ń ra ọtí fún gbogbo èèyàn. Ta ló ń sọ fún mi? Àwọn ìyá oníwárá, ọmọ tó ń ta káàdì, mẹkáníìkì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa dé téṣàn láéláé.

Nítorí náà, akọ̀wé, mo bẹ ẹ́: KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ DÁRÚKỌ ẸNIKẸ́NI ní ìpàdé yẹn. Ìpàdé gbangba ni, ìbátan àwọn ọmọ yẹn á wà níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gbọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan torí ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú èrò. Ẹ gba nọ́ńbà, kí ẹni tó bá mọ nǹkan pè nígbà tó bá wà ní òun nìkan. Tó bá jẹ́ pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni.

Ìkejì: ẹ béèrè ẹni tó ń ra fóònù ọ̀hún. Ọmọ tó gba fóònù mẹ́wàá kì í fi mẹ́wàá pè. Ẹnìkan wà tó ń rà á.

Lọ́yà_Sábó | 8:22 àárọ̀

Mo fara mọ́ Kọ́ọ̀pù. Kí n fi díẹ̀ kún un. Bàbá Landlọ́ọ̀dù, àdá yẹn ẹ gbé e síbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Abala 214 nínú Ìwé Òfin 1999 ní ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà fún Nàìjíríà. Ọlọ́dẹ yín lè ṣọ́ àdúgbò, ó lè fọn fèrè, ó lè mú ẹni tó ń jalè lójú ẹ̀ kó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kíá. Kò lè nà án, kò lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀, kò lè ti èèyàn mọ́ sínú ọ́fíìsì CDA mọ́jú (mo ti ṣe ẹjọ́ irú ẹ̀ rí, alága CDA ló sunkún ní kóòtù).

Ẹ̀wẹ̀, DPO náà. Òfin Ọlọ́pàá tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2020 mẹ́nu ba kí ọlọ́pàá àti ará àdúgbò ní ìgbìmọ̀ pọ̀, kì í ṣe ojú àánú ló fi ń pè yín. Ẹ bi í nípa ọmọ mẹ́sàn-án yẹn, tẹ̀lẹ́tẹ̀lẹ́ o, ẹ má bá a jà. Ẹ ní: ìdájí ni wọ́n ń jalè, kí ló dé tó jẹ́ alẹ́ lẹ kó àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù? Bẹ́ẹ̀lì sì rèé, ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri téṣàn.

Landlọ́ọ̀dù_Àgbà | 8:51 àárọ̀

Lọ́yà, àdá ti dípẹtà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín, aago mélòó lẹ fẹ́ kí ọlọ́dẹ ṣí géètì? Tó bá ṣí i ní mẹ́rin, ta ló máa dúró sí i? Bàbá tó ń ṣọ́ tiwa ti lé ní àádọ́rin ọdún, mẹ́rin ìdájí ni oorun ń kùn ún jù.

Ọmọ_Ìgbógbò | Sátidé, 8:37 alẹ́

Mo ti dé o. A ṣe ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la sún un sí kí àwọn ọlọ́jà lè wá, obìnrin mọ́kàndínlógún ló wá, Ìyá Aláta náà wá (màmá, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà wa).

DPO kọ́kọ́ ṣe ìwàásù bí Ẹ̀gbọ́n Adé ṣe wí. Ó sọ pé ọkọ̀ méjì lòun ní fún gbogbo àgbègbè, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Lẹ́yìn náà mo ní sà, ẹ jẹ́ ká rìn débẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ó wo bàtà ẹ̀, ó wò mí, ó dìde.

A wọ ilé àkọ́ìparí yẹn. Yàrá kejì, lẹ́yìn páálí kan tí wọ́n fi dí fèrèsé, ilẹ̀ kún fún ọ̀rá omi, ìdí sìgá, àti síìmù. Síìmù wẹẹrẹ bí èékánná ọmọdé, wọ́n yọ wọ́n, wọ́n dà wọ́n sílẹ̀. Àwọn Corps ṣà wọ́n sínú ọ̀rá kan, mọ́kànlélógún. Báàgì márùn-ún ní igun, gbogbo ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn Corps tú ọ̀kan wò, ó fa páálí pupa kan jáde, ó gbé e sókè, ó ní “ta ló ń dá àjọ níbí?” Ìyá Aláta pariwo tó jẹ́ pé àwọn ará ilé kejì jáde.

DPO ò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn yẹn ó béèrè pé ta ló ni ilé yìí. Kò sí ẹni tó mọ̀! Ilé tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún méje.

Ìyá_Aláta | 9:02 alẹ́

Oṣù kẹjọ wà níbẹ̀ kedere, ó tiẹ̀ tún sàmì síbi tí mo san méjì pọ̀. Alájọ ò lè sọ nǹkan kan mọ́. Owó mi ni wọ́n jẹ, kí Ọlọ́run bá mi gbà á.

Kọ́ọ̀pù_Tẹ́lẹ̀ | 9:10 alẹ́

Síìmù mọ́kànlélógún yẹn, ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní téṣàn. Nọ́ńbà ń bẹ lára wọn, wọ́n lè fi wá àwọn tó ni wọ́n, àwọn yẹn á sọ ọjọ́ àti aago.

Ọmọ_Ìgbógbò | Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ẹtì, 7:55 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Bó ṣe lọ nìyí. A rí onílé, ìlú òyìnbó ló wà, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ fún un ló ní nọ́ńbà ẹ̀, ó fi owó bíríkì ránṣẹ́, wọ́n ti dí gbogbo ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Géètì iwájú ń ṣí ní aago mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ọlọ́dẹ wa àgbà la gbé sí ọ̀sán, ọmọ ẹ̀ ló wà lálẹ́. Àwọn obìnrin ń pàdé níwájú ilé wa, wọ́n ń jáde lẹ́ẹ̀kan ní mẹ́rin ààbọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní márùn-ún, Corps méjì ń bá wọn rìn dé títì. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá, ọjọ́ tí wọn ò bá wá àwa ọkùnrin ń gbà á lẹ́sẹẹsẹ, tèmi ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oorun ń pa mí ní ibiṣẹ́. Bàbá Landlọ́ọ̀dù ra iná sólà kan fún kọ̀nà yẹn láti àdúgbò tiwọn lọ́hùn-ún, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kí n sọ.

Láti ìgbà yẹn, fóònù kan ṣoṣo ló lọ, ọ̀sán gangan, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń ra fóònù, wọn ò tíì mú un. DPO ní òun ṣì ń wá a. Ọmọ mẹ́sàn-án ìjọ́sí, ó ní kí àwọn òbí wá rí òun, méjì lọ, wọ́n ní ó tọrọ àforíjì. Owó ò padà.

Landlọ́ọ̀dù_Àgbà | 8:10 alẹ́

Mo ní kó o má sọ.

Bàbá_Rófíà | 8:46 alẹ́

Ẹ kú orire o. Èmi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, mo máa ń kà ni. Àdúgbò tiwa wà lẹ́yìn tiyín, lápá Bayékù. Láti bí ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n ti ń gba báàgì lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa ní ìdájí, a ò rí irú ẹ̀ rí. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ wa lẹ lé wọn wá. Mi ò bá yín jà o, mo kàn fẹ́ mọ ohun tá a máa ṣe.

Ọmọ_Ìgbógbò | 8:49 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Màá fún yín ní nọ́ńbà ọ̀gá Corps níkọ̀kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, géètì yín, aago mélòó lẹ ń ṣí i?